Eegun Tí Àríkẹ́ Gbé ní Altona

Ìròyìn náà balẹ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Yorùbá ní Lurup, ní ìlú Hamburg, láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, kí wọ́n sì tó gba ọrẹ tán, ó ti lọ láti àga dé àga: Àríkẹ́ ti ń gbé eégún. Kì í ṣe pé ó lọ wòran eégún o. Òun gan-an ló ń gbé e, ní Altona, nínú ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan tí wọ́n ti ń di ẹrù ránṣẹ́ káàkiri. Wọ́n ní láràárọ̀ ni àwọn òyìnbó máa ń tò yí i ká, wọn á dì í ní ìbàdí, wọn á dì í ní èjìká, iná á tàn láyà rẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrù bí ẹni ń gbé ìrọ̀rí. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ní fìríìjì ló gbé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ fi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó jókòó nídìí ilẹ̀kùn, fìríìjì ti di ọkọ̀ akẹ́rù, awakọ̀ sì wà nínú rẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì ẹ̀ lọ.

"Obìnrin?" ni bàbá kan béèrè.

"Obìnrin, sà."

"Nílùú Jámánì?"

"Ní Altona níbí, sà. Lẹ́yìn ibùdó rélùwéè."

Bàbá náà bọ́ awò ojú ẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀, ó wá wo ẹgbẹ́ akọrin dáadáa. Àríkẹ́ wà ní ìlà kejì, ó ń kọrin, kò mọ ohun tó ń lọ. Nígbà tí ìsìn parí, àyè tó ṣí sílẹ̀ yí i ká fẹ̀ tó èyí tí wọ́n lè fi gbá bọ́ọ̀lù. Ó rò pé àlùbọ́sà tí òun gé kí òun tó jáde nílé ló ń rùn.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ kò le. Ilé iṣẹ́ tí Àríkẹ́ ti ń gbé páálí gba ẹ̀rọ tuntun kan tí àwọn òṣìṣẹ́ á máa dán wò. Exoskelett ni wọ́n ń pè é. Àríkẹ́ bi ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ìníolúwa, kí ni ìtumọ̀ ẹ̀. Ọmọ náà ò gbójú kúrò lára fóònù. "Skelett, Mama. Knochen. Aber außen." Eegun ni, ṣùgbọ́n ìta ara ló wà. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e wọ Àríkẹ́, ó kọ̀wé sí Mummy Phoebe, olórí ẹgbẹ́ akọrin, ẹni tó ń ta ẹ̀lùbọ́, epo pupa àti pánla ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Altona: "E ma binu ma, mi o ni le wa si rehearsal. Won ti gbe eegun wo mi nibi ise, o ti re mi."

Ta ló ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí WhatsApp? Eegun, irú èyí tó wà nínú ẹran, ni Àríkẹ́ ní lọ́kàn. Mummy Phoebe, tí eégún lé títí tó fi já sí kòtò nígbà tó wà lọ́mọdé ní Ìsẹ́yìn, kò tilẹ̀ rántí pé òmíràn wà láyé.

Ìdajì ìròyìn náà sì jẹ́ òótọ́. Wọ́n ń gbé nǹkan wọ̀ ọ́ lóòótọ́: irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀, bẹ́líìtì dúdú ní ìbàdí àti itan, iná kékeré aláwọ̀ ewé láyà. Bó bá ti tẹ̀ba láti gbé páálí, irin náà á gbọ̀n díẹ̀, á sì gbé e dìde bí ìgbà tí ìyá na ọwọ́ fún ọmọ. Ẹ̀yìn Àríkẹ́, tó ti ń ké láti ọjọ́ tó ti dé Hamburg, panu mọ́. Ó fẹ́ràn nǹkan náà débi pé tó bá ń gbé e kọ́ nírọ̀lẹ́, á rọra fọwọ́ gbá a: "Ó dàárọ̀ o, eegun mi."

Ṣùgbọ́n pílásítà kan wà tó ń bá a rìn, fẹ́ẹ́rẹ́ bí ewé, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn láàárín ẹ̀yìn. Ìyẹn ò gbọdọ̀ kúrò lára, ì báà jẹ́ níbi iṣẹ́, ì báà jẹ́ nílé, ì báà jẹ́ nínú ìwẹ̀, títí ìdánwò á fi parí. Òun ló ń wo bí ara ṣe ń rìn, bó ṣe ń tẹ̀, bó ṣe ń sinmi. Kì í sọ̀rọ̀. Ẹjọ́ ló kàn ń rò.

Lọ́jọ́ kan, Amelie, ọ̀gá wọn, pe Àríkẹ́ sí yàrá rẹ̀, ó bu kọfí fún un. Kọfí yẹn gan-an ló kọ́kọ́ já a láyà, torí Amelie kì í bu kọfí fún ẹni tí nǹkan ń dáa fún.

"Àríkẹ́, iṣẹ́ ẹ dáa. Ẹ̀yìn ẹ dáa. Ṣùgbọ́n Sturz ẹ ti pọ̀ jù."

"Kí ló pọ̀ jù?"

"Sturz. O ń ṣubú. Pílásítà ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo ń ṣubú? Níbo?"

"Lẹ́nu géètì níbí. Nílé ẹ. Ní Lurup. Mi ò mọ ẹni tó ń ṣubú tó báyìí ní gbogbo Hamburg, àfi àwọn agbábọ́ọ̀lù, àwọn yẹn sì ń díbọ́n ni."

Àríkẹ́ ronú títí. "Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ṣubú. Lórí yìnyín, níwájú ibùdókọ̀. Ìdí ni mo fi sọlẹ̀."

Amelie wo kọ̀ǹpútà, ó mi orí. "Rárá. Lọ́jọ́ yẹn, o ò ṣubú rárá."

Ibẹ̀ ni nǹkan ti bàjẹ́. Èyí tó mọ̀, wọ́n ní kò ṣẹlẹ̀. Èyí tí wọ́n ní ó ṣẹlẹ̀, òun ò mọ̀.

"Tó bá di ọdún tó ń bọ̀," ni Amelie ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "kò sẹ́ni tó máa ṣiṣẹ́ nínú gbọ̀ngàn wa láìwọ Exoskelett. Wọn kì í sì í gbé e wọ ẹni tó ń ṣubú. Àdéhùn iṣẹ́ ẹ tuntun ti wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò lè yọ ọ́ fún ẹ títí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yẹn á fi yẹ̀ ẹ́ wò ní Marzahn, ní Berlin."

Ìwé ìgbélùú Àríkẹ́ àti ti ọmọ rẹ̀ so mọ́ iṣẹ́ náà. Ó mu kọfí tán láìmọ̀ pé ó gbóná.

Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù ara rẹ̀ ti ń bà á. Ẹ̀rọ tó mọ ìgbà tí ẹ̀yìn fẹ́ dùn kó tó dùn, ṣé á wá parọ́ mọ́ èèyàn? Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin kan wà nílé lọ́hùn-ún tó máa ń dákú, tó bá sì jí, á ní òun sùn ni. Bóyá òun náà ń wó lulẹ̀, tí òun ń dìde, tí òun ò sì mọ̀. Ó ti ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí bóyá òun fara pa níbì kan. Kò rí nǹkan kan, àfi orúnkún rẹ̀ méjèèjì: ó dúdú, ó yi, ó le bí ìsàlẹ̀ bàtà.

"Hẹ̀n-ẹ́n!" ló wí. "Ibi tí mò ń já lé nìyí."

Obìnrin tó ti ń kúnlẹ̀ kí èèyàn láti kékeré, tó ń kúnlẹ̀ gbàdúrà kí ilẹ̀ tó mọ́, tó ń kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́rú àti lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀rù bà á débi pé ó wo orúnkún ara rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n mọ́.

"Mama, du fällst nicht," ni Ìníolúwa wí lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní ìyá òun ò ṣubú.

"Ìwọ lo máa mọ̀? Ṣé o máa ń wà níbẹ̀ ni?"

Ọmọ náà fi Jámánì dáhùn pé inú ilé yìí náà kúkú ni òun ń gbé. Àríkẹ́ ò gbọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni ru ẹyin. Ó ń di ògiri mú, ó ń di irin àtẹ̀gùn mú. Bàbá Mọ́nsúrù, ọmọ Yorùbá tó ń ṣọ́ géètì ilé iṣẹ́, ni Àríkẹ́ máa ń kúnlẹ̀ kí láràárọ̀, tí orúnkún méjèèjì á dún gbì. Ní báyìí ó di géètì mú, ó kàn mi orí sí i.

"Àríkẹ́, ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?"

"Rárá, sà. Ara ni."

"Ara! Ṣé kì í ṣe irin yẹn ló ti wọ inú ẹ?"

Ní ṣọ́ọ̀ṣì náà, òòró gangan ló wà tó fi kí Mummy Phoebe, bí òpó iná. Ó ń bẹ̀rù kí òun má lọ wó lulẹ̀ lójú gbogbo ìjọ. Àwọn tí ìròyìn ti dé etí wọn túmọ̀ rẹ̀ fúnra wọn: ẹni tó bá ti wà nínú eégún, ta ló tún fẹ́ máa kúnlẹ̀ fún?

Ilé nìkan, níbi tí kò sẹ́ni tó ń wò ó, ló ti ń kúnlẹ̀. Ó ń gbàdúrà kí òun má ṣubú mọ́. Tí omi bá ń hó lórí iná, á kúnlẹ̀. Tí Ìníolúwa bá wọ ilé ìwẹ̀, á kúnlẹ̀. Tí ọkọ̀ bá kọjá lójú títì tí fèrèsé gbọ̀n, á kúnlẹ̀. Bó ṣe ń bẹ Ọlọ́run pé kó dá òun dúró, bẹ́ẹ̀ ni pílásítà ń rojọ́ pé ó tún ti wó.

"Níbi iṣẹ́, ó ti dẹwọ́," ni Amelie wí fún un, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. "Ṣùgbọ́n nílé! Àríkẹ́, sọ òótọ́ fún mi, ṣé ẹnì kan ń tì ọ́ ni?"

Nígbà tó kù díẹ̀ kó lọ sí Marzahn, ó yà ra gàrí ní ṣọ́ọ̀bù Mummy Phoebe. Mummy Phoebe ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn lórí.

"Àríkẹ́, èmi àti ẹ nìkan ló wà níbí. Mi ò ní fi ẹnu mi pe orúkọ ẹ̀, torí ẹnu tí mo fi ń kọrin nìyí. Ṣé lóòótọ́ ni nǹkan tí o kọ sí mi yẹn?"

"Ti ibi iṣẹ́? Lóòótọ́ ni, ma. Lánàá gan-an mo gbé e."

"Lánàá! Ta ló gbé e wọ̀ ọ́?"

"Ọ̀gá wa, ma. Amelie."

"Obìnrin ló tún wá ń gbé e wọ obìnrin!"

"Ó ní tó bá di ọdún tó ń bọ̀, gbogbo wa la máa gbé e."

Mummy Phoebe jókòó sórí àpò ẹ̀lùbọ́. "Ibo ni wọ́n ti ń gbé e wá?"

"Marzahn, ma, ní Berlin. Wọ́n ti pè mí kí wọ́n wò ó bóyá mo ṣì yẹ. Ẹ bá mi gbàdúrà, ma. Tí wọ́n bá lé mi, mo gbé."

"Kí wọ́n lé ọ lò ń bẹ̀rù?"

"Òun gan-an, ma!"

Mummy Phoebe wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tí odò ń gbé lọ. "Mò ń bá ẹ lọ," ló wí.

Bí wọ́n ṣe jọ wọkọ̀ ojú irin ní Altona nìyẹn, Àríkẹ́ pẹ̀lú àpò kékeré, Mummy Phoebe pẹ̀lú Bíbélì, òróró, àti kúlà ìrẹsì tó tó bọ́ odindi ìjọ. Bí ọkọ̀ bá ti yà díẹ̀, Àríkẹ́ á fi ọwọ́ méjèèjì di àga mú.

"Ṣé ó máa ń sọ̀rọ̀?" ni Mummy Phoebe béèrè jẹ́jẹ́.

"Rárá, ma. Ó kàn máa ń gbọ̀n ni, tí mo bá tẹ̀ba."

"Á gbọ̀n, á wá ṣe kí ni?"

"Á gbé mi dìde."

"Jésù. Ṣé ó máa ń dùn ọ́?"

"Ká má parọ́, ma, ó máa ń dùn mọ́ mi."

Mummy Phoebe gbé kúlà rẹ̀, ó lọ jókòó sí àga ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ló wà tí wọ́n fi dé Berlin.

S-Bahn, ọkọ̀ ojú irin ìgboro, ló gbé wọn dé Marzahn, láàárín àwọn ilé gíga tó jọra bí páálí tí wọ́n tò léra wọn. Ilé iṣẹ́ àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà wà nísàlẹ̀ ọ̀kan nínú wọn. Jonas ló ṣílẹ̀kùn, ọ̀dọ́kùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì pinnu bóyá òun fẹ́ hù. Lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, irin àti bẹ́líìtì dúdú so rọ̀ ní ìlà ní ìlà, wọ́n léjìká, wọ́n lẹ́sẹ̀, wọn ò lórí, fáànù sì ń fẹ́ wọn tí wọ́n ń mì lẹ́gbẹ̀lẹ́gbẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Mummy Phoebe ti ṣí ìgò òróró. "Wọ́n tilẹ̀ pọ̀! Àríkẹ́, èwo ni eégún tìrẹ nínú wọn?"

"Eégún?"

"Ṣé kì í ṣe eégún lo kọ sí mi ni?"

"Eegun ni mo kọ, Mummy! Eegun! Ti inú ẹran! Eegun ìta ni wọ́n ń pè é!"

"Eegun?"

"Eegun, ma."

Mummy Phoebe wo ògiri, ó wo Àríkẹ́, ó rọra dé ìgò òróró rẹ̀. "Mo ti sọ fún ìjọ," ló wí.

"Ẹ sọ kí ni fún ìjọ?"

"Ká délé ná. Ṣùgbọ́n ìwọ náà wò wọ́n, kí o sọ òótọ́. Wọ́n kúkú jọ eégún."

Jonas, tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, gbé Exoskelett kan wọ Àríkẹ́, ó sì tan ojú kọ̀ǹpútà ńlá. Ó ní ìgbà díẹ̀ ló kù tí kò ní sí ẹni tó máa fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ nìkan ṣiṣẹ́ mọ́. Ìbọ̀wọ́ ń bọ̀ lọ́nà tó máa di ọwọ́ mú kí ó tó gbọ̀n. Awò ojú ń bọ̀ lọ́nà tó máa sọ fún ọ̀gá pé ó ti rẹ òṣìṣẹ́ kí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń ròyìn ọ̀run. Àríkẹ́ ń gbọ́ ọ bí ẹni ń dúró de ìdájọ́.

"Ẹ̀rọ wa ti kọ́ gbogbo bí ara èèyàn ṣe ń rìn," ni Jonas wí, ó na ìka sí àwọn àmì pupa tó kún ojú kọ̀ǹpútà bí èéyi. "Wò ó. Kí ilẹ̀ tó mọ́, o ṣubú nílé, o ò sì dìde bọ̀rọ̀. Lẹ́nu géètì, o ṣubú, o dìde wéré. Àwọn ọjọ́rú nírọ̀lẹ́, kò dáa. Àwọn ọjọ́ Àìkú," ó mi orí, "mo rò pé ilé ló ń wó lù ọ́."

Jámánì tí Mummy Phoebe fi ń tajà tó èyí. "Ó ní Mittwoch? Àríkẹ́, ibo lo máa ń wà lọ́jọ́rú?"

"Ìpàdé àdúrà, ma. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín."

"Ṣé o ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rí?"

"Rárá, ma. Ṣebí a kúnlẹ̀ ni..."

Ó wo orúnkún rẹ̀. Orúnkún náà dà bí ẹni tó ń wò ó padà.

Ó yára sọ ọ́ fún Jonas ní Jámánì pé òun ń kúnlẹ̀ ni. Jonas ní rárá. Ó ní ẹ̀rọ àwọn mọ ìkúnlẹ̀ dáadáa: orúnkún kan lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ á di nǹkan mú. Èyí yá jù. Èèyàn ò lè mọ̀ọ́mọ̀ lọlẹ̀ báyìí.

"Ó ní èèyàn ò lè ṣe kí ni?" ni Mummy Phoebe wí.

Àríkẹ́ yí sí i. Ó ti pẹ́ tó ti kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Tó bá wá jẹ́ pé ó wó lulẹ̀ lóòótọ́ níwájú ọmọkùnrin yìí ńkọ́, tí kò lè dìde? Iṣẹ́ ti lọ nìyẹn, ìwé ti lọ, òun àti Ìníolúwa á máa palẹ̀ ẹrù mọ́. Ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn, ma."

Gbì. Ojú kọ̀ǹpútà pọ́n fòò: STURZ. Àríkẹ́ wà nílẹ̀, ó pé, kò sí ibi tó dùn ún. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"O kú ìrìn, ọmọ mi, dìde," ni Mummy Phoebe dáhùn, ẹnu rẹ̀ ló sáré sọ ọ́ láìdúró dè é.

"Tún un ṣe," ni Jonas wí. Gbì, STURZ. "Tún un ṣe." Gbì, STURZ.

"Ó tó!" ni Mummy Phoebe ké. "Ìkíni kì í ṣe eré ìwòran. Tó bá wù ú, kí òun náà wá dọ̀bálẹ̀, ká wo nǹkan tí ẹ̀rọ ẹ̀ máa sọ."

Jonas jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ka sí àwọn àmì pupa náà, Àríkẹ́ sì ń dáhùn láti orí ìdúró.

"Èyí?"

"Bàbá Mọ́nsúrù, ní géètì."

"Èyí tó pẹ́ yìí?"

"Àdúrà òwúrọ̀."

"Gbogbo èyí tó wà nílé láìpẹ́ yìí?"

"Mò ń bẹ Ọlọ́run kí n má ṣubú."

Jonas ò rẹ́rìn-ín. Ó ń pa àwọn àmì náà rẹ́, títí ojú kọ̀ǹpútà fi mọ́. Ó wá pe Amelie, ó sì ṣí ohùn fóònù sókè kí gbogbo wọn gbọ́. Ó ní kò sí ìṣubú kankan, kò sí ẹyọ kan, ara yìí ló dúró ṣinṣin jù nínú gbogbo àwọn tí wọ́n ti yẹ̀ wò.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni ohùn Amelie wí. "Kó wá fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé."

Mummy Phoebe ti bẹ̀rẹ̀ orin. Àmì kékeré kan ló kù lórí kọ̀ǹpútà, aláwọ̀ eérú, ní ọjọ́ kan nígbà òtútù. Àríkẹ́ béèrè kí ni.

"Ìyẹn? Kò sí wàhálà," ni Jonas wí. "O jókòó. Níwájú ibùdókọ̀ Altona."

Àríkẹ́ tẹjú mọ́ ọn. Yìnyín ọjọ́ yẹn padà sí i nídìí. Tó bá dákẹ́, àdéhùn ti wà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n tó bá dọjọ́ tí ilẹ̀ gbọ̀ngàn yọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ pẹ̀lú irin lára, tí kò lè dìde, ẹ̀rọ yìí á sọ fún gbogbo ayé pé ó jókòó ni, kò sì ní sẹ́ni tó máa wá.

Mummy Phoebe ti rí ojú rẹ̀. Ó já a léèékánná. "Dákẹ́. Ìjókòó dáa."

Amelie ṣì wà lórí fóònù. Àríkẹ́ tẹ̀ba sí i. Irin ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ̀n, ó fẹ́ gbé e dìde. Ó fọwọ́ di tábìlì mú, ó kọ̀ fún un.

"Amelie, èmi Àríkẹ́ ni. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Lórí yìnyín, níwájú ibùdókọ̀, bí mo ṣe sọ fún ẹ. Ẹ̀rọ yín ní mo jókòó. Mi ò jókòó o. Mo ṣubú. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."